Àwọn Tó Wà Lórí Ṣíìpù Kejì

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà ńlá náà dé ibi iṣẹ́ wa, agbádá ni ọ̀gá wa wọ̀ wá. Mi ò tíì mọ ìdí tí ènìyàn fi ń wọ agbádá lọ pàdé kọ̀ǹpútà. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí a ti tọ́jú sílẹ̀ fún un, ó ń pàṣẹ fún àwọn tó gbé e pé kí wọ́n rọra. Ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kan nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀ tán, ó ní kí wọ́n ya òun ní fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Fọ́tò yẹn ṣì wà lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ títí di òní. Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ló kọjú sí kámẹ́rà.

Ilé iṣẹ́ ìwádìí kan ni mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀, lójú ọ̀nà tó jáde nílùú. Ọmọ Ifẹ̀ ni mí, agbo ilé wa wà ní Ìrémọ, ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń wá síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti rí i pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣe ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á. Iṣẹ́ ọ̀gá mi ni láti máa sọ fún àwọn àlejò pé ó ń ṣe é.

"Ṣíìpù méjì ló wà nínú rẹ̀, bí ọpọlọ méjì," bó ṣe máa ń wí fún wọn nìyẹn. "Kọ̀ǹpútà tó wà nílé yín, ẹyọ kan ni. Tiwa, méjì. Ìyẹn ni pé ó yára ní ìlọ́po méjì."

Àwọn àlejò á mi orí, wọ́n á sọ pé ó ga o. Irọ́ ni. Ọ̀gá mi kò sì mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa, torí pé kò bi ẹnikẹ́ni rí. Ó wù mí kó jẹ́ òpùrọ́ gidi. Òpùrọ́ gidi á ti kọ́kọ́ mọ òótọ́ ná.

Ṣíìpù méjì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan jókòó sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Inú ṣíìpù kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀ wà, kọ́ọ̀ sì ni ohun tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ṣíìpù kọ̀ọ̀kan ló ní mẹ́mórì tirẹ̀ nítòsí, níbi tó ń kó nǹkan sí. Bí ti kejì bá fẹ́ wo ohun tó wà nínú mẹ́mórì ti kìíní, ó ní láti gba ọ̀nà kan tó so àwọn méjèèjì pọ̀, ọ̀nà yẹn sì jìn. Ojú ènìyàn kò lè rí ìjìnnà náà, àmọ́ kọ́ọ̀ tó ń dúró de nǹkan máa ń mọ̀ ọ́n lára.

Ènìyàn méjì ló ń lo kọ̀ǹpútà náà jù. Ọ̀kan ni Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ó ń ṣe ìwádìí lórí bí ooru ṣe ń rìn nínú irin, ó sì ti ń ṣe é láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, tí irin ò sì tíì yàtọ̀. Ẹnì kejì ni ìyá kan, ọmọ Èkìtì, dókítà nínú ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn, tó máa tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo wa ń pè é ní Màmá. Àrùn tó ń mú kí ewé ẹ̀gẹ́ kákò ló ń wádìí: bó ṣe ń ti oko kan bọ́ sí òmíràn, kí àwọn àgbẹ̀ lè mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti gé igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n máa gbìn kí òjò tó dé. Nígbà tí ọ̀gá mi ń pín ààyè, ó fi iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n sórí ṣíìpù kìíní, ó fi ti Màmá sórí èkejì. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí, ó ní, "Ṣé ó yẹ kí alága wà ní ipò kejì ni?" Bó ṣe pín in nìyẹn.

Kò pẹ́ tí wàhálà fi dé. Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá gbé iṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà láàárọ̀, kó tó di àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ó ti parí. Màmá á gbé tirẹ̀ síbẹ̀ láàárọ̀ kan náà, ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á tún mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ á ṣì wà níbi tó wà. Ìròyìn wá kárí ibi iṣẹ́ pé ìyá náà kò mọ kọ̀ǹpútà lò.

"Àgbẹ̀ ni," ọ̀gá mi sọ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gẹ́ ló mọ̀."

Màmá fúnra rẹ̀ wá bá mi. Ó jókòó, ó gbé báàgì rẹ̀ sórí ẹsẹ̀, ó wo ojú mi dáadáa.

"Ọmọ mi, wọ́n ní ètò tí mo kọ ni kò dára. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti dàgbà kí n tó kọ́ ọ. Bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá jẹ́ pé èmi ni, sọ fún mi, má fi bò."

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀, mà."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ètò rẹ̀ mọ́ ju ti Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ fíìfíì. Èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ dà bí yàrá tí wọn ò gbá rí.

Ibòmíràn ni wàhálà wà. Gbogbo kọ́ọ̀ inú kọ̀ǹpútà náà, ti ṣíìpù kìíní àti ti èkejì, orí àtẹ kan ṣoṣo nínú mẹ́mórì ni wọ́n ti ń mú iṣẹ́. Kọ́ọ̀ kan á wá, á mú díẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹni tó ń lo ṣíìpù rẹ̀, á lọ ṣe é, á padà wá mú òmíràn. Ẹyọ kan péré ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àtẹ náà lẹ́ẹ̀kan náà, torí bí méjì bá jọ mú iṣẹ́ kan, gbogbo rẹ̀ dàrú nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí a fi fi àgádágodo sí i. Irú àgádágodo yìí ni àwa onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní spinlock. Kọ́ọ̀ tó bá bá a ní títì kò ní lọ sùn, kò sì ní lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Ojú kan ló máa dúró sí, á máa bi í léèrè ṣáá: ṣé o ti ṣí? ṣé o ti ṣí? Bó bá ti ṣí, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló ni ín. Kò sí ẹni tó ń bèèrè pé ta ló ti ń dúró tipẹ́.

Inú mẹ́mórì ṣíìpù kìíní ni àgádágodo yẹn wà. Bí kọ́ọ̀ kan níbẹ̀ bá ṣí i, àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ á ti rí i, wọ́n á ti gbà á, kí ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ti òdìkejì. Kí àwọn yẹn tó nawọ́, ó ti tún tì. Báyìí ni àwọn kọ́ọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ń gbà á fún ara wọn, tí àwọn ti Màmá ń yí lójú kan, tí wọ́n ń gbóná, tí wọ́n ń jẹ iná, tí wọn ò sì rí nǹkan kan mú bọ̀. Mo jẹ́ kí kọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ka iye ìgbà tó rí àgádágodo náà gbà. Nígbà tí mo wo ohun tí àwọn ti ṣíìpù kejì kà, ojú tì mí nítorí wọn.

Mo lọ bá ọ̀gá mi. Ó ṣí ojú ìwé kan lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ilà aláwọ̀ ewé hàn bí kọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Gbogbo ilà ló kún dé òkè.

"Wò ó," ó ní. "Kí lò ń wí? Kò sí èyí tó jókòó lásán nínú wọn."

"Dídúró ni wọ́n ń dúró, sà. Bí wọ́n ṣe ń dúró náà nìyẹn, ó máa ń dà bí iṣẹ́ lójú ẹni tó ń wò ó látòkèèrè."

"Àpapọ̀ iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lóòjọ́, ṣé ó dára àbí kò dára?"

"Ó dára, sà. Ṣùgbọ́n ti ẹnì kan ni gbogbo rẹ̀."

"Àpapọ̀ ni àwọn tó fún wa lówó ń bèèrè," ó ní, ó sì yíjú padà sí ojú ìwé rẹ̀ aláwọ̀ ewé.

Mo kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn, àpapọ̀. Mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ebi ń pa rí. Ẹni tó ti yó ló máa ń ro oúnjẹ ilé pọ̀, tí á wá sọ pé gbogbo ilé ti jẹun.

Mo kọ àgádágodo mìíràn. Nínú ti tuntun yìí, kọ́ọ̀ tó bá dé á gba nọ́ńbà, nọ́ńbà tó bá kàn la ó dá lóhùn, ibi yòówù kí ó ti wá. Lọ́jọ́ tí mo fi í síbẹ̀, iṣẹ́ Màmá parí. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Ó parí o. Mo ti wò ó léraléra. Ó parí."

Ti Ọ̀jọ̀gbọ́n náà parí. Ṣùgbọ́n ó ti jẹun ọ̀sán tán kó tó parí, ìyẹn ló fa ìjà. Ó wọ yàrá wa láìkan ilẹ̀kùn.

"Ta ló fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mi?"

Kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọ̀gá mi ti dìde dúró kó tó parí ọ̀rọ̀, ó ń nawọ́ sí mi.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀sùn rẹ̀, kí n má purọ́. Àgádágodo oní-nọ́ńbà máa ń kọjá láti ṣíìpù kan sí èkejì ní gbogbo ìgbà, ó sì ń fa àtẹ náà tẹ̀ lé ara rẹ̀ gba ọ̀nà jíjìn yẹn, nítorí náà àpapọ̀ iṣẹ́ wálẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ti ń ro bí mo ṣe máa tún un ṣe. Ó dùn mí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè rí òótọ́ díẹ̀ dì mú, láìmọ ohun tó dì mú. Ó ṣáà mọ̀ pé wọ́n ti mú òun dúró.

Ìgbìmọ̀ pé jọ. Wọ́n jókòó yí tábìlì ká, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, mítípáì ń lọ yí ká. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ṣíìpù méjèèjì àti àgádágodo. Ọ̀kan nínú wọn ń tẹ fóònù rẹ̀. Ọ̀kan bi mí bóyá kọ̀ǹpútà náà ti kó fáírọ́ọ̀sì. Òmíràn, onímọ̀ òfin tí n kò mọ ohun tó ń ṣe nínú ìgbìmọ̀ náà, ní ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ gan-an, ó sì mú mítípáì kejì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wá sọ̀rọ̀. "Kò sí ohun tó ṣe àgádágodo àtijọ́. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe ojúsàájú. Irin ni. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára ló ń yára."

Wọ́n jíròrò, wọ́n sì ṣe ìpinnu. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn ọ̀gá mi bó ṣe kà á síta tìgbéraga-tìgbéraga: a ó máa lo àgádágodo àtijọ́ láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, a ó sì máa lo ti tuntun ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ó lè tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn.

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ pé a kì í tan jẹnẹrétọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ìgbà tí iná ìjọba bá sì ti lọ, kọ̀ǹpútà máa ń kú ni. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó bojú wo ilẹ̀. Wọ́n ti fún ìyá náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn, wọ́n sì ń kó ìwé wọn jọ láti máa lọ sílé.

Màmá gbọ́wọ́ sókè.

"Alága, mo gbà," ó ní. "Mo dúpẹ́. Ẹ̀bẹ̀ kékeré kan ló kù. Ẹ ní irin ni kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ojúsàájú, kò sì sí ohun tó ṣe àgádágodo àtijọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ààyè. Kí n lọ sórí ṣíìpù kìíní, kí ẹ̀yin bọ́ sórí èkejì, títí a ó fi tún pàdé. Ṣé kò ní ṣe yín ní nǹkan kan?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wo àwọn yòókù, àwọn náà sì bá a rẹ́rìn-ín. "Màmá, kò séwu. Ibi tó bá wù yín ni kí ẹ jókòó sí."

Mo sáré jáde kí n tó fi ẹ̀rín tú àṣírí ara mi. Kí Ọ̀jọ̀gbọ́n tó dé inú ọkọ̀ rẹ̀, mo ti pààrọ̀ wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀. Àsìkò oúnjẹ ọ̀sán dé, ó kọjá. Iṣẹ́ Màmá ti parí, ó sì ti lọ sí Sábó lọ ra ẹ̀wà. Nígbà tó di ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Ọ̀jọ̀gbọ́n ní iná ló ń ṣe ségesège. Lẹ́yìn náà ó ní fáírọ́ọ̀sì ni. Lẹ́yìn náà ó ní èmi ni mo ṣe é, mo bá ṣí ètò náà lójú rẹ̀, mo fi hàn án pé àgádágodo àtijọ́ tó fẹ́ràn ló wà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó lè ka nǹkan kan níbẹ̀.

"Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ń dúró," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Láti ọjọ́ wo ni mo ti ń dúró! Ìwà ìrẹ́jẹ ni èyí! Báwo ni kọ̀ǹpútà kan náà á ṣe máa dá àwọn kan lóhùn tí kò ní dá àwọn mìíràn lóhùn?"

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ bíi pé òun lẹni àkọ́kọ́ láyé tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bọ́ lójú rẹ̀. Kò tiẹ̀ sọ sí i lọ́kàn láti bèèrè, bí Màmá ti ṣe níwájú mi, bóyá òun ló ni àṣìṣe náà.

Màmá wọlé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀gá mi, tó ti sáré wọlé tẹ̀ lé Ọ̀jọ̀gbọ́n, kọjú sí i. "Màmá, ètò yín mà wá ń yára gan-an báyìí. Ta ló bá yín tún un ṣe?"

"Kò sẹ́ni tó tún un ṣe," Màmá ní. "Àgbẹ̀ ṣì ni mí."

Ọ̀gá mi wo ilẹ̀kùn.

Wọn ò dúró de ìpàdé mọ́. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, gbogbo ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i lórí fóònù pé kí n fi àgádágodo tí kò ní í rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ síbẹ̀ ní kíákíá. Onímọ̀ òfin náà tún kọ ọ́ ránṣẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ lòun ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ti oní-nọ́ńbà kọ́ ni mo fi síbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti kọ òmíràn. Nínú èyí, kọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń dúró ní ibi tirẹ̀ tó ń wò, kí gbogbo wọn má baà máa pariwo lé ibì kan ṣoṣo lórí. Àwọn kọ́ọ̀ tó wà lórí ṣíìpù kan lè gbé àgádágodo náà fún ara wọn fúngbà díẹ̀, torí wọ́n sún mọ́ ara wọn, ó sì yá. Ṣùgbọ́n òdiwọ̀n wà fún iye ìgbà tí wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ti pé, dandan ni kí wọ́n gbé e fún òdìkejì, bí ẹnikẹ́ni bá ń dúró níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ti ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣáájú mi níbòmíràn láyé. Èmi kàn kọ ọ́ kí ó bá kọ̀ǹpútà tiwa mu ni. Àpapọ̀ padà gòkè, ó sún mọ́ ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ń parí lójúmọ́ kan náà. Kí òjò tó dé, Màmá ti fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́, wọ́n sì mọ àwọn oko tí kò yẹ kí wọ́n ti gé igi ẹ̀gẹ́.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í jẹ́ kí nǹkan tó dára kọjá lára òun bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí a rí ìkéde lára ògiri: òun ló máa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọgbọọgba nínú kọ̀ǹpútà oníṣíìpù púpọ̀. Àwòrán rẹ̀ tóbi níbẹ̀. Gbọ̀ngàn kún. Àlejò wá láti Ìbàdàn àti Àkúrẹ́. Ọ̀gá mi wọ agbádá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ fún wọn bí òun ṣe ṣàkíyèsí fúnra òun pé àwọn tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ń jìyà, bí ọkàn òun kò ṣe balẹ̀, bí òun ṣe wá ojútùú sí i. "A" ló ń lò. A rí i, a rò ó, a ṣe é. Èmi àti Màmá jókòó pọ̀ lẹ́yìn. Màmá fi ọwọ́ lé àgbọ̀n, ó ń wò ó bí ìgbà tí ó ń wo ewé tó ń ṣàìsàn, láìbínú, ó kàn fẹ́ mọ ibi tó dé.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan dìde láàárín àwọn àlejò. "Ẹ ṣeun, sà. Òdiwọ̀n tí ẹ fi sí i, kí ṣíìpù kan tó gbé e fún èkejì, báwo ni ẹ ṣe mọ ibi tí ẹ máa fi sí? Bó bá gùn jù, ẹ ti padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀. Bó bá kúrú jù, iṣẹ́ á falẹ̀."

Ìbéèrè gidi ni. Òun ni ìbéèrè kan ṣoṣo tó nítumọ̀ tí mo gbọ́ nínú gbọ̀ngàn yẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé gíláàsì omi, ó mu, ó gbé e kalẹ̀. Ó wo ojú ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi ń wo òrùlé. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá rí mi lẹ́yìn, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ọ̀kan lára àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ níṣẹ́ wà níbí," ó ní. "Á ṣàlàyé ìyẹn. Dìde, jọ̀ọ́."

Mo dìde. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí mi. Mo mọ ìdáhùn náà láti orí dé ìdí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," mo ní, "kò tíì yé mi tó bó ṣe yé yín."

Mo sì jókòó. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní àsìkò ti lọ, kí a lọ jẹun. Lẹ́nu ọ̀nà, mo wá ọ̀dọ́mọbìnrin náà rí, mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì ṣàlàyé fún un, gbogbo rẹ̀, títí oúnjẹ fi tán nínú àwo àwọn yòókù. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá, ó ń bi mí léèrè, ó ń bá mi jiyàn. Màmá dúró tì wá, báàgì rẹ̀ lọ́wọ́, kò sọ pé kí a yára.